Ẹ̀rọ Atọpasẹ̀ Ohun Tó Sọnù: Báwo Ni Ó Ti Ṣeé Gbẹ́kẹ̀ Lé Tó?

Ní alẹ́ ọjọ́ kan láìpẹ́ yìí, ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa gbàgbé báàgì rẹ̀ sínú ọkọ̀ dánfó ní ìlú Èkó. Kì í ṣe owó inú báàgì náà ni ó ń dun ìyá yìí, bí kò ṣe ìwé ilẹ̀ tí bàbá àwọn ọmọ rẹ̀ fi sílẹ̀ kí ó tó di olóògbé, èyí tí ó gbé lọ hàn lọ́yà ní ọjọ́ náà. Síbẹ̀, ìrètí kò pin. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tí ń gbé ní ìlú London ti fi ẹ̀rọ kékeré kan tí a ń pè ní AirTag ránṣẹ́ sí i, ìyá sì ti fi í sínú àpò báàgì náà. Iná kò sí ní òru náà, fóònù ìyá sì ti kú. Nígbà tí a rí iná fi sí i ní ìdájí ọjọ́ kejì, àmì kan hàn lórí àwòrán ilẹ̀ inú fóònù náà, ó sì dúró gedegbe lórí ilé kan tí kò jìnnà sí ibùdókọ̀.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, àwọn ọ̀dọ́ bíi mẹ́fà ti péjọ. Wọ́n ní ilé olè ti hàn, àwọn yóò sì lọ gba báàgì ìyá bọ̀ kí wọ́n tó ná owó inú rẹ̀ tán. Bàbá àgbàlagbà kan tí ó wà níjòókòó ni ó béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo: "Ẹ̀yin ọmọ mi, aago mélòó ni ẹ̀rọ yìí sọ pé òun rí báàgì níbẹ̀?" A tún fóònù wò dáadáa. Aago mẹ́sàn-án àbọ̀ alẹ́ àná kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Ìbéèrè yẹn ni ó dá àwọn ọ̀dọ́ náà dúró. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, a ó sọ ọ́ ní ìparí ọ̀rọ̀ wa. Ṣùgbọ́n nítorí pé irú ẹ̀rọ yìí ti ń pọ̀ sí i láàárín wa, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì rò pé kò lè ṣi ọ̀nà, a rí i pé ó yẹ kí a ṣàlàyé bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́, ibi tí ó ti wúlò, àti ibi tí agbára rẹ̀ pin sí.

Kí Ni Ẹ̀rọ Yìí?

Ẹ̀rọ yìí kò tóbi ju owó ẹyọ ńlá lọ. AirTag tí ilé-iṣẹ́ Apple gbé jáde ní ọdún 2021 wúwo tó gíráàmù 11 péré, bátìrì pẹlẹbẹ kan bí ti aago ọwọ́ ni ó sì ń lò, èyí tí ó lè lò ju ọdún kan lọ. A lè so ó mọ́ kọ́kọ́rọ́, a lè fi í sínú àpamọ́wọ́, àpótí ìrìn-àjò tàbí abẹ́ ìjókòó ọkọ̀.

Apple kọ́ ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Tile ní Amẹ́ríkà, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 2012, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ sọ ọ́ di ohun tí ará ilé lè rà. Ní ọdún 2019, Apple kéde pé àwọn fóònù òun yóò máa ran ara wọn lọ́wọ́ láti wá èyí tí ó bá sọnù, kódà bí èyí tí ó sọnù kò bá sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2021, Samsung kéde tirẹ̀, SmartTag. Ní oṣù Kẹrin ọdún kan náà, Apple gbé AirTag jáde ní dọ́là 29. Google, tí ó ni ètò Android tí ó wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ fóònù ayé, bẹ̀rẹ̀ irú ètò yìí ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, láti Amẹ́ríkà àti Kánádà, kí ó tó mú un dé àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Find Hub ni a ń pe ètò náà láti ọdún 2025.

Báwo Ni Ó Ṣe Ń Ṣiṣẹ́?

Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ ni èyí: ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ kò mọ ibi tí ó wà. Kò ní ohun tí ó fi ń gba ìròyìn láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì, kò ní káàdì síìmù, kò sì lè dé orí íntánẹ́ẹ̀tì. Bluetooth ni ó fi ń ké sí àwọn fóònù tí ó wà nítòsí, èyí tí í ṣe ìtànṣán rédíò tí kò lọ jìnnà.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọdẹ ṣe àpẹẹrẹ. Ọdẹ a máa so ṣaworo mọ́ ọrùn ajá rẹ̀ kí ó tó wọ igbó. Bí ajá náà bá ṣìnà, ṣaworo kò mọ ọ̀nà ilé, kò sì lè sọ orúkọ igbó tí ajá wà. Dídún nìkan ni ó mọ̀ ọ́n dún. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan tí ń ti oko bọ̀ bá gbọ́ ìró rẹ̀, tí ó sì dé ilé sọ fún ọdẹ pé, "Ẹ̀bá odò ni mo wà nígbà tí mo gbọ́ ṣaworo ajá yín," ọdẹ ti mọ ibi tí yóò dorí kọ. Bí ẹnikẹ́ni kò bá gba ibẹ̀ kọjá, ṣaworo yóò dún títí, asán ni.

Gẹ́gẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ atọpasẹ̀ rí. Nígbà tí ó bá jìnnà sí fóònù olówó rẹ̀, yóò máa rán ìró kúkúrú jáde léraléra, láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ síra wọn. Fóònù èyíkéyìí tí ó bá ń kọjá nítòsí, tí ó sì wà nínú ètò kan náà, yóò gbọ́ ọ. Fóònù yìí ni ó mọ ibi tí òun fúnra rẹ̀ wà. Yóò so àdírẹ́ẹ̀sì ibẹ̀ mọ́ ìró tí ó gbọ́, yóò sì fi í ránṣẹ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì láìjẹ́ pé ẹni tí ó ni fóònù náà mọ ohunkóhun nípa rẹ̀. Nígbà tí olówó ẹrù bá ṣí fóònù tirẹ̀, yóò rí ìròyìn náà lórí àwòrán ilẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Àgbájọ etí ni ẹ̀rọ yìí fi ń ṣiṣẹ́.

Ǹjẹ́ ẹni tí ó gba ìròyìn náà kọjá lè mọ àṣírí wa? Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ìmọ̀-Ẹ̀rọ ti Darmstadt ní Jámánì tú ètò Apple wò fínnífínní, wọ́n sì tẹ àbájáde wọn jáde ní ọdún 2021. Wọ́n ṣàlàyé pé a ti di ìròyìn náà ní àdììtú kí ó tó kúrò nínú fóònù tí ó gbọ́ ìró, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé kọ́kọ́rọ́ tí ó lè ṣí i kò sí lọ́wọ́ ẹlòmíràn àfi olówó ẹrù. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n rí àléébù méjì nínú ètò náà, èyí tí Apple tún apá kan rẹ̀ ṣe. Kò sí iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn tí kò ní àléébù.

Ohun Mẹ́rin Tí Ó Ń Pinnu Bóyá Yóò Ṣiṣẹ́

Èkíní ni ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní ọjà ńlá, ní ibùdókọ̀, ní pápákọ̀ òfurufú, etí tí ń gbọ́ kò lóǹkà. Ìròyìn lè dé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ní oko, ní ojú ọ̀nà tí ó dá, tàbí ní abúlé kékeré, ó lè tó ọ̀pọ̀ wákàtí, ó sì lè má dé rárá.

Èkejì ni irú fóònù tí àwọn ará àdúgbò ń lò. Ìró AirTag, fóònù Apple nìkan ni ó ń gbé e lọ fún olówó rẹ̀. Ti Samsung, fóònù Galaxy ni. Àwọn tí a ṣe fún ètò Google, fóònù Android ni. Ẹni tí ó ra AirTag tí ó sì ń gbé ní àdúgbò tí Android pọ̀ sí dà bí ẹni tí ń kígbe ní èdè tí àwọn aládùúgbò rẹ̀ kò gbọ́. Ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, Android ni ó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn: Tecno, Infinix, itel àti irú wọn. Nítorí náà, ohun tí ọmọ wa ní London tàbí Houston bá rí pé ó ń ṣiṣẹ́ bí idán lọ́dọ̀ tirẹ̀ lè má ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ náà bàjẹ́. Etí tí ó gbọ́ èdè rẹ̀ ni kò pọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ríra ti Android nìkan ti yanjú ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí Google bẹ̀rẹ̀ ètò tirẹ̀, ó fi ìpamọ́ àṣírí ṣáájú. Ó ṣètò rẹ̀, bí a kò bá yí i padà, pé ibi tí èrò pọ̀ sí nìkan ni fóònù yóò ti máa ṣèrànwọ́, àti pé ó di ìgbà tí fóònù tí ó ju ẹyọ kan lọ bá gbọ́ ìró náà kí a tó fi ibi tí ẹrù wà han olówó rẹ̀. Èyí dára fún ààbò, ṣùgbọ́n ó dín iye ìgbà tí ẹrù yóò di rírí kù. Ẹni tí ó bá fẹ́ lè wọ inú ètò fóònù rẹ̀ kí ó yan pé kí ó máa ṣèrànwọ́ ní ibi gbogbo.

Ẹ̀kẹta ni ipò tí fóònù àwọn tí ń kọjá wà. Fóònù tí a pa Bluetooth rẹ̀ kò lè gbọ́. Èyí tí a pa ìtọ́ka ibi tí ó wà kò lè sọ ibi tí ó ti gbọ́. Èyí tí kò ní dátà yóò gbọ́, ṣùgbọ́n kò ní lè jíṣẹ́ títí yóò fi rí íntánẹ́ẹ̀tì. Gbogbo wa ni a sì mọ bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń pa dátà wọn kí owó má baà jò, tí wọ́n sì ń pa àwọn nǹkan mìíràn kí bátìrì lè bá wọn di alẹ́.

Ẹ̀kẹrin ni ohun tí ó bo ẹ̀rọ náà mọ́lẹ̀. Irin a máa dí ìtànṣán Bluetooth, omi a sì máa fà á mu, ara ènìyàn pàápàá tí omi kún inú rẹ̀. Samsung sọ pé SmartTag2 tí ó gbé jáde ní ọdún 2023 lè dé mítà 120 ní gbangba tí kò sí ìdíwọ́. Ṣùgbọ́n nínú àpótí irin, lábẹ́ òkìtì ẹrù, tàbí lẹ́yìn ògiri méjì mẹ́ta, kò lè sún mọ́ iye yẹn rárá.

Ibi Tí Ó Ti Wúlò Jù Lọ: Ẹrù Ọkọ̀ Òfurufú

Bí ibì kan bá wà tí ẹ̀rọ yìí ti fi ara rẹ̀ hàn, ọ̀rọ̀ àpótí ìrìn-àjò ni. Ilé-iṣẹ́ SITA, tí ń bá àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ṣètò ìròyìn ẹrù, sọ pé nínú ẹgbẹ̀rún èrò ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ọdún 2022, ẹrù 7.6 ni ó pẹ́, tí ó bàjẹ́ tàbí tí ó sọnù. Ní ọdún 2024, iye náà ti lọ sílẹ̀ sí 6.3. Ọ̀pọ̀ nínú irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ni a kàn fi sílẹ̀ nígbà tí èrò ń kúrò nínú ọkọ̀ kan bọ́ sí òmíràn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ti London, Amsterdam tàbí Istanbul wọ Èkó mọ ohun tí à ń sọ.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú kò fi inú dídùn gbà á. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022, Lufthansa sọ pé ẹ̀rọ yìí kò gbọdọ̀ máa ṣiṣẹ́ nínú ẹrù tí a bá fi sí ikùn ọkọ̀. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ó yí ọ̀rọ̀ padà, nítorí àwọn aláṣẹ ìrìnnà òfurufú ní Jámánì gbà pé kò léwu. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, Apple mú ohun tuntun wá: olówó ẹrù lè fi ibi tí àpótí rẹ̀ wà ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú fún ọjọ́ méje, yóò sì dópin bí ẹrù bá ti padà sí ọwọ́ rẹ̀. British Airways, KLM, Lufthansa, Turkish Airlines, Virgin Atlantic, Delta àti United wà lára àwọn tí Apple dárúkọ pé yóò máa gba irú ìròyìn bẹ́ẹ̀.

Ìdí tí ó fi ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Pápákọ̀ òfurufú kún fún èrò, fóònù wọn wà ní títàn, íntánẹ́ẹ̀tì wà, àwọn òṣìṣẹ́ tí ń gbé ẹrù pẹ̀lú sì ní fóònù nínú àpò. Síbẹ̀, rírí kì í ṣe gbígbà. Ẹ̀rọ náà lè sọ pé àpótí rẹ wà ní Amsterdam; kò lè gbé e wọ ọkọ̀. Ìwé tí wọ́n kọ fún ọ ní tábìlì ẹrù tí ó sọnù ṣì ni ẹ̀rí rẹ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe jù ú nù nítorí pé ẹ ní AirTag.

Bí A Ṣe Ń Ka Àmì Orí Àwòrán Ilẹ̀

Níhìn-ín ni ewu ńlá wà. Ẹni tí ó bá rí àmì lórí ilé kan a máa rò pé ohun tí ẹ̀rọ ń sọ ni pé, "Ẹrù rẹ wà nínú ilé yìí nísinsìnyí." Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ohun tí ó ń sọ ní tòótọ́ ni pé, "Ní aago báyìí, fóònù ẹnì kan tí ó wà ní ìtòsí ibí yìí gbọ́ ìró ẹrù rẹ." Ohun mẹ́ta ni ó yàtọ̀ níbẹ̀.

Àkọ́kọ́, aago. Ìròyìn alẹ́ àná kò sọ ohun tí ó wà níbẹ̀ ní òwúrọ̀ òní. Èkejì, ibi tí fóònù wà ni a rí, kì í ṣe ibi tí ẹrù wà gan-an. Ẹrù lè wà ní òdìkejì títì tàbí nínú ọkọ̀ tí ń kọjá lọ. Ẹ̀kẹta, fóònù náà pàápàá lè ṣi ibi tí òun wà mú, pàápàá láàárín àwọn ilé tí ó fún mọ́ra tàbí nínú ilé alájà púpọ̀. Ní àdúgbò tí ilé mẹ́wàá wà lórí ilẹ̀ tí kò tó ojúlé méjì, ta ni yóò fi àmì kan ṣoṣo mọ ẹni tí ó jẹ̀bi?

A sọ èyí nítorí pé a mọ ohun tí igbe "Olè!" lè dá sílẹ̀ ní ìgboro wa. Ẹni tí a bá fi ẹ̀sùn kàn láìjẹ̀bi lè fara gba ohun tí a kò lè tún ṣe mọ́. Ìròyìn fóònù kì í ṣe ẹ̀rí tí ó tó láti wọ ilé onílé. Bí ó bá dájú pé wọ́n jí ẹrù náà ni, àgọ́ ọlọ́pàá ni kí a gbé fóònù lọ.

Olè Pẹ̀lú Lè Gbọ́ Ìró Rẹ̀

Ẹ̀rọ yìí, a ṣe é fún ohun tó sọnù ju ohun tí wọ́n jí lọ. Kò pẹ́ tí ó jáde tí àwọn ènìyàn búburú bẹ̀rẹ̀ sí í fi í pamọ́ sínú ọkọ̀ tàbí báàgì ẹlòmíràn, pàápàá àwọn obìnrin, láti máa tọ ipasẹ̀ wọn. Láti dènà èyí, Apple àti Google fọwọ́ sowọ́ pọ̀, nígbà tí ó sì di oṣù Karùn-ún ọdún 2024, fóònù méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í kìlọ̀ fún ẹni tí ẹ̀rọ àjèjì bá ń bá rìn. Ohun rere ni, ó sì yẹ kí gbogbo wa mọ̀ ọ́n. Bí irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ bá hàn lórí fóònù yín, ẹ má ṣe fojú fò ó. Ẹ wá inú báàgì àti ọkọ̀ yín, kí ẹ sì sọ fún ẹni tí ẹ fọkàn tán.

Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ kan náà lè ta olè lólobó pé ẹ̀rọ wà nínú ohun tí ó jí, yóò sì yọ ọ́ dànù. Nítorí náà, ẹ má ṣe rò pé ẹ̀rọ yìí lè rọ́pò àgádágodo.

Kí Ni Kí A Ṣe?

Kí a tó ra èyíkéyìí, ẹ wo fóònù tí ó wà lọ́wọ́ yín àti èyí tí ó wà lọ́wọ́ àwọn ará àdúgbò yín. Ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù yín sínú àpótí àti báàgì pẹ̀lú. Bébà kò nílò bátìrì. Ẹ máa pààrọ̀ bátìrì kí ó tó kú, pàápàá ṣáájú ìrìn-àjò. Bí nǹkan bá sọnù, ẹ tètè tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù pé ó sọnù, kí ẹni tí ó bá rí i lè rí nọ́ńbà yín nípa fífi fóònù tirẹ̀ kàn án. Bí ìròyìn bá sì dé, ẹ kọ́kọ́ wo aago.

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ ìyá wa. A ní sùúrù títí di ọ̀sán. Ní nǹkan bí aago méjìlá, àmì náà kúrò lórí ilé yẹn, ó bọ́ sí gáréèjì. Nígbà tí a dé ibẹ̀, báàgì wà lọ́wọ́ alága àwọn awakọ̀. Awakọ̀ dánfó náà ni ó rí i lábẹ́ ìjókòó nígbà tí ó ń gbá ọkọ̀ rẹ̀ ní òwúrọ̀, ó sì fi í lé wọn lọ́wọ́. Ìwé ilẹ̀ pé, owó pé. Ilé tí àmì wà lórí rẹ̀ ńkọ́? Iwájú rẹ̀ ni awakọ̀ ti dúró já èrò kan ní alẹ́, fóònù ẹnì kan tí ó wà nítòsí sì gbọ́ ìró ẹ̀rọ náà. Ibi tí ọkọ̀ sùn mọ́jú, kò sí fóònù Apple tí ó lè gbọ́ ọ.

Onílé náà kò mọ̀ títí di òní pé ọ̀dọ́ mẹ́fà ti múra láti wá kan ìlẹ̀kùn òun. Ìyá wa dúpẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ ní London. Ṣùgbọ́n bàbá tí ó béèrè aago ni ó kúnlẹ̀ kí.